Wọ́n Ní Èrò Ọ̀nà Ni Mí

Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi. Mo dárí ji tíṣà tó lé mi kúrò nílé ìwé torí pé mo ya ojú ìwé Faransé, mo fi di ẹ̀pà fún ìyá mi tà. Mo dárí ji ẹni tó jí bàtà mi lọ́jọ́ kejì tí mo dé Èkó. Mísítà Àjàyí nìkan ni mi ò tíì dárí jì. Ẹ má bá mi bẹ̀bẹ̀. Ìbínú yẹn ti bá mi gbé pẹ́, ó ti di ará ilé.

Kétu ni mo ti wá. Kì í ṣe Kétu tó wà lọ́nà Ìkòròdú o. Tiwa wà ní òdìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti fi Faransé kọ́ mi títí dé kíláàsì kẹta, kí èmi àti Faransé tó pínyà láìjà. Ṣùgbọ́n Yorùbá là ń sọ nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mi ò lọ sí ìlú òkèèrè rárá. Èkó ni mò ń lọ, wọ́n ń jẹ iṣu níbẹ̀, àwa náà ń jẹ iṣu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lanu ní Mazamaza pé kí wọ́n júwe ọ̀nà fún mi, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lẹ táyà ju táyà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáré wá! Ọ̀gbẹ́ni yìí ń sọ̀rọ̀ bíi bàbá bàbá mi!"

"Ṣé bàbá bàbá ẹ ṣì wà láyé ni?"

"Ó ti kú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Àjàṣẹ́. Mi ò dé Àjàṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ Èkó, ẹnikẹ́ni tó bá ti òdìkejì bọ́dà wá, Àjàṣẹ́ ló ti wá. Mo jiyàn fún oṣù méjì, ó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Fẹ́sítáàkì ni mo ti ríṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ayẹyẹ ńlá tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ìlú náà ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń kẹ́rù wọlé níkọ̀ọ̀kan. Ilé tuntun, ọ̀dà tuntun, títì tí wọn ò fún lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é. Ṣùgbọ́n iyanrìn funfun ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Irà ni tẹ́lẹ̀, wọ́n da iyanrìn lé e. Bí ẹ bá bomi sí i, omi yẹn ò ní dúró kí yín kó tó wọlẹ̀ lọ.

Mísítà Àjàyí ní ilé iṣẹ́ kan tó ń tún àyíká ṣe. Akọ̀wé ni tẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ra mówà méjì tí wọ́n fi ń gé koríko àti ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ẹ́sítéètì tó ń bójú tó àwọn ilé náà: kó gbin fúláwà sáàárín títì, kó gbin koríko, kó sì máa gé e. Nígbà tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nílé wa, gbogbo ayé bàbá mi ló fi bá koríko jà. Ó kú, koríko ló borí. Èmi ọmọ ẹ̀ wá wọkọ̀ wá sí Èkó, mo ń gbin koríko, mo ń bomi rin ín, bó bá sì ti dàgbà tán, wọ́n á ní kí n gé e, kó lè máa dàgbà. Mi ò jẹ́ sọ ọ́ nílé.

Àwa mọ́kànlá là ń ṣiṣẹ́ fún un. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó kó wa jọ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ó gbé bébà kan sókè bíi pé ọmọ tuntun ni.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ìǹṣọ́ránsì nìyí. Ọ́fíìsì ẹ́sítéètì ní ẹni tí ò bá ní in ò lè ṣiṣẹ́ fáwọn. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àwọn tó kọ ìwé yìí ló máa gbọ́ bùkátà ẹ̀. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!"

Múfú, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ti mówà, fìgúnpá gún mi. Òun ni ọ̀rẹ́ mi. Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun.

"Àjàṣẹ́, ìwọ tó o kàwé, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo rí òǹtẹ̀, mo rí àmì ẹyẹ kan lókè. Mo mi orí bíi lọ́yà.

"Wọ́n ní kò séwu."

Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò tíì gbàgbé.

Bí oṣù bá parí, mo máa ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ tẹlifóònù sílé. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Wọ́n á pe Kútọnu, Kútọnu á pe Kétu, akọ̀wé Kétu á rán ẹnì kan lọ pe ìyá mi lọ́jà. Bí ìyá mi bá fi máa dé, àkókò tí mo sanwó fún á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyá mi ò sì gbà pé wáyà lè gbé ohùn. Ó máa ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí n gbọ́ láti Kétu láìsí fóònù rárá.

"ṢÉ O TI JẸUN?"

"Mo ti jẹun, Ìyá. Ìyá, ọ̀gá wa ti fi wá sí ìǹṣọ́ránsì."

"KÍ NI WỌ́N FI YÍN SÍ?"

"Ìwé ni! Bí nǹkan bá ṣe mí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á tọ́jú mi!"

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń sọ fún akọ̀wé pé ọmọ òun ti di ẹni tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé l'Ékòó. Ọ̀nà Agboju tí mo gbà padà sí yàrá mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ tí Mísítà Àjàyí ò fẹ́. Fúláwà ò dúró nínú iyanrìn yẹn. A ó gbìn ín lónìí, oòrùn á pa á lọ́tunla. Nígbà tí bàbá mi bá fẹ́ gbin ọsàn síbi tí ilẹ̀ ò dáa, ó máa ń tẹ́ èèpo àgbọn sísàlẹ̀ kòtò, inú ẹ̀ á kọjú sókè bí abọ́, kó lè gba omi dúró. Mo lọ ṣa èèpo àgbọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àgbọn ní Agboju, mo kó àpò kan wá. Mísítà Àjàyí rí i, ó fẹsẹ̀ ta àpò náà.

"Kí nìyí? Ṣé ààtàn la wá ṣí níbí ni? Mi ò gbọdọ̀ rí pàǹtírí yìí lábẹ́ fúláwà mi!"

Ó ní òun ò gbọdọ̀ rí i. Mo rí i dájú pé kò rí i. Kó tó dé láàárọ̀, mo ti máa ń gbẹ́ kòtò, mo ti máa ń tẹ́ èèpo, mo ti máa ń bò ó. Fúláwà tí mo gbìn sáàárín títì yẹn lé ní ọ̀ọ́dúnrún, ọ̀kan ò kú nínú wọn. Mísítà Àjàyí máa ń mú àwọn oníbàárà wá síbẹ̀, á tẹ́ ọwọ́ bíi pásítọ̀: "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi." Èmi á tẹ̀ bá koríko, màá máa rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbà yẹn, mo ṣì lójú méjì tí mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Mówà tí Múfú ń tì, irin tó máa ń bo abẹ ẹ̀ nísàlẹ̀ ti já. Múfú sọ fún ọ̀gá. Èmi náà sọ. Ó ní ká máa gbé e bẹ́ẹ̀, pé irin yẹn kàn ń jẹ́ kó wúwo ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ ti fúláwà, Múfú ń ti mówà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òkúta kan ta jáde lábẹ́ ẹ̀, kò tó ẹ̀kúrọ́. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ. Mo kàn rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ayé ti pa iná.

Ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba kan wà lẹ́bàá títì nítòsí mi. Múfú ń kígbe, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka mi. Mísítà Àjàyí sáré dé. Ó sáré kọjá lára mi. Mo fi ojú kan tó kù wò ó, mo rí i dáadáa: ó lọ síbi ọkọ̀ yẹn, ó fọwọ́ pa gíláàsì iwájú, ó fọwọ́ pa ti ẹ̀yìn, ó yí i po. Nígbà tó rí i pé kò fọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọpẹ́ o." Ìgbà yẹn ló tó wá yíjú sí mi.

"Kí ló dé tó o fojú síbẹ̀?"

Taksí ni mo gbé lọ sí ọsibítù. Dókítà sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ojú òsì ti lọ. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ibo ló ti ṣẹlẹ̀, mo sọ fún un. Òun ló kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹ́sítéètì, ọ́fíìsì ẹ́sítéètì sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìǹṣọ́ránsì pé kí wọ́n wá wádìí.

Ní ìparí oṣù, mo lọ tẹlifóònù bí mo ṣe máa ń ṣe.

"KÍ LÓ DÉ TÍ OHÙN Ẹ RÍ BẸ́Ẹ̀?"

"Àpólò ni, Ìyá. Ó mú mi lójú."

"ÀPÓLÒ KÌ Í PẸ́."

"Èyí máa pẹ́ díẹ̀."

Mísítà Àjàyí ò wá wò mí títí lẹ́tà ìǹṣọ́ránsì fi dé ọwọ́ ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Agboju, òun àti ọsàn mẹ́fà nínú ọ̀rá. Ó jókòó sórí ibùsùn mi torí pé mi ò ní àga.

"Àjàṣẹ́, arákùnrin mi." Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ di arákùnrin ẹ̀. "Bébà yẹn, orúkọ èèyàn méjì ló wà níbẹ̀, èmi àti Múfú. Owó pọ̀ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, mi ò lè kọ gbogbo yín."

"Ẹ ní ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, sà."

"Gbọ́ ná. Ó bo mówà. Ó bo gíláàsì ọkọ̀ olówó. Ó tún bo èrò ọ̀nà, ẹni tó bá ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ tí òkúta wa lọ bà. Ṣó o rí i báyìí? Wọ́n á bi ẹ́ pé ṣé o mọ̀ mí. O ò mọ̀ mí rí. Èrò ọ̀nà ni ẹ́. Wọ́n á fún ẹ lówó, ìwọ á lọ sílé ẹ ní Kútọnu, èmi á máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ìbínú wo ló kù níbẹ̀?"

Mo ní ó dáa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dáa, mo sì jẹ ọsàn ẹ̀. Ọsàn náà kan.

Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo jókòó síbi tó ti dìde, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Èrò ọ̀nà. Bí mo bá lọ sí Kétu, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mò ń padà. Bí mo bá dé Èkó, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ. Ọ̀nà nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti bi mí ní ìbéèrè. Mísítà Àjàyí ò purọ́ tán. Ohun tó sì jẹ́ kó dùn mí jù nìyẹn.

Bàbá Onítáì ni a ń pe ẹni tí ilé iṣẹ́ ìǹṣọ́ránsì rán wá. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó de táì pupa nínú oòrùn Fẹ́sítáàkì, ó gbé fáìlì sábẹ́ apá. Mísítà Àjàyí ti kó àwọn mẹ́sàn-án yòókù lọ sápá Àmúwò láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn. Èmi, òun àti Múfú la dúró sáàárín títì. Ìyá kan wà lókè ilé kejì, ó ń sá aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ló ń sá látàárọ̀.

"Mísítà Àjàyí, òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní?"

"Méjì péré, sà. Èmi àti Múfú yìí."

"Ọ̀gbẹ́ni olójú dídì yìí ńkọ́?"

"Èrò ọ̀nà ni, sà. Àánú ẹ̀ ṣe mí."

Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni, ǹ bá ti fọwọ́ sí ìwé náà. Gbogbo ohun tó tẹ̀lé e, òun ló fẹnu ara ẹ̀ fà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ Bàbá Onítáì.

"Ká sòótọ́, sà, ó dúró láti tọ̀ sídìí fúláwà mi ni. Ẹ mọ àwọn ará Kútọnu. Ibi tí wọ́n bá ti rí ewéko, ṣáláńgá ni."

Fúláwà tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn. Tí mo pọn omi sí láti Abúlé Adó lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ò yọ omi.

Bàbá Onítáì yíjú sí Múfú. "Ṣó o mọ̀ ọ́n?"

Múfú wo bàtà ẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Bàbá na bébà àti bírò sí mi. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé òótọ́ ni? Bó o bá jẹ́ èrò ọ̀nà, fọwọ́ síbí, wọ́n á sanwó fún ẹ."

"Òṣìṣẹ́ ẹ̀ ni mí, sà."

Mísítà Àjàyí wú ikọ́. Bàbá Onítáì bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, rò ó dáadáa. Ìwé yìí bo èrò ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ tí orúkọ ẹ̀ ò sí níbí, kò bò ó. Bó o bá sọ bẹ́ẹ̀, o ò ní rí kọ́bọ̀."

"Mo ti gbọ́, sà. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ ni mí. Àwa mọ́kànlá ni."

"Irọ́ ni!" Mísítà Àjàyí ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dúró. "Ẹ bi í léèrè ẹ̀rí. Ìwé wo ló ní? Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Òótọ́ ni. Mi ò ní ìwé kankan. Mo wo ọwọ́ mi, mo wo ilẹ̀.

"Ẹ bá mi bi í, sà, kí ló wà lábẹ́ fúláwà yìí?"

"Gbòǹgbò!" ni Mísítà Àjàyí dáhùn. "Ṣé ó yẹ kí adìyẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Èèpo àgbọn ló wà níbẹ̀, sà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ gbogbo wọn, láti ibí títí dé ráńdábáòtù. Ẹ yan èyí tó bá wù yín."

Bàbá Onítáì yan ọ̀kan. Mo gbẹ́ ẹ. Èèpo àgbọn jáde, gbòǹgbò ti dì mọ́ ọn bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá ẹ̀. Ó yan òmíràn níbi tó jìnnà. Mo gbẹ́ ẹ, ó wà níbẹ̀. Ó yan ìkẹta, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó fúnra ẹ̀ gbẹ́ ẹ, táì ẹ̀ ń wọ́ nínú iyanrìn. Nígbà tó gbé èèpo yẹn sókè, ojú Mísítà Àjàyí ti pọ́n. Inú ló bí i, inú ló bí i débi tó gbàgbé ibi tó wà.

"Ṣé n ò kìlọ̀ fún ẹ pé o ò gbọdọ̀ sin pàǹtírí sábẹ́ fúláwà mi? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ fún ẹ? Ẹ̀ẹ̀melòó, Àjàṣẹ́?"

Ìyá tó wà lókè gbàgbé aṣọ. Bàbá Onítáì gbọn iyanrìn kúrò lọ́wọ́, ó ṣí fáìlì ẹ̀.

"Mísítà Àjàyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ilé iṣẹ́ ìǹṣọ́ránsì fa ìwé ẹ̀ ya. Láìsí ìwé yẹn, ọ́fíìsì ẹ́sítéètì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mówà lọ, píkọ́ọ̀pù tẹ̀lé e. Èmi náà ò rí kọ́bọ̀, bí Bàbá Onítáì ṣe wí. Gbogbo Agboju ló ní orí mi dàrú. Wọ́n ní ta ló máa ń kọ owó ojú ẹ̀ sílẹ̀? Wọ́n ò mọ̀ pé mi ò kọ̀ ọ́. Ìbínú mi ló jẹ ẹ́, ó sì yó.

Mo tẹlifóònù sílé, mo sọ òótọ́. "Ojú mi òsì ti fọ́, Ìyá. Kì í ṣe Àpólò."

Nígbà tó máa fèsì, kò pariwo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ẹni tó ṣe é ńkọ́?"

"Ó ti rí tiẹ̀."

"Ṣé ó tó?"

"Kò tó."

"Ó dáa. Jẹun."

Ìyá tó ń sá aṣọ lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ní kí ẹni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ fúláwà wá bá òun tún ọgbà ṣe. Òun mú aládùúgbò ẹ̀ wá, aládùúgbò mú ẹlòmíì wá. Nígbà tí mo ní mówà kan àti òṣìṣẹ́ kan, mo lọ bá Bàbá Onítáì ní ọ́fíìsì ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan yẹn, Múfú ni. Ẹ má rò pé mo dárí jì í. Mo kàn fẹ́ kó máa rí ojú mi lójoojúmọ́ ni.

"Kí la kọ́kọ́ fẹ́ kọ?" Bàbá ti mú bírò.

"Orúkọ Múfú, sà. Lẹ́yìn náà, tèmi."

"Mówà ńkọ́?"

"Ẹ kọ mówà kẹ́yìn. Mówà ò ní ìyá."

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, mò ń rìn bọ̀ láti Àmúwò. Ọkùnrin kan tẹ̀ síwájú ilé kan, ó ń fi àdá ṣán koríko, síńgílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ̀yìn yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀, Mísítà Àjàyí ni. Mo lè gba ìhà kejì títì. Mo dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Kò gbórí sókè. Òógùn ti bò ó lójú. "A dúpẹ́ o. Ta nìyẹn?"

"Èrò ọ̀nà ni, sà," ni mo dáhùn, mo sì rọra ń kọjá lọ.